Sea moss, ìṣáwùrú àti fúrúùtù: kí ló jẹ́ òótọ́ nínú ohun tí wọ́n ń sọ nípa oúnjẹ etí òkun?

Ìpolówó sea moss kò jìnnà sí fóònù ẹnikẹ́ni mọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ìgò kékeré ni, ohun inú rẹ̀ sì ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀ bí ẹ̀kọ mímu tó ti tutù. Wọ́n á ní ó ń fún ọkùnrin lókun, ó ń tún ilé ọmọ ṣe, ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ó sì ń lé ìtọ̀ ṣúgà lọ. Ní àkókò yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ mìíràn ń lọ láàárín àwọn onímọ̀ oúnjẹ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba: pé ohun tó ń ṣara lóore pọ̀ létí òkun wa tí a kò kà sí, ìyẹn ewéko, ẹran inú ìkarawun àti ẹja wẹ́wẹ́, àti pé a lè sọ wọ́n di ìyẹ̀fun, òróró tàbí èlò tí a ó máa pò mọ́ ògì ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá kó wọnú ara wọn. Ẹni tó gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ á rò pé wọ́n ti fọwọ́ sí ìgò tí aládùúgbò òun ń tà. Ẹni tó ra ìgò náà tí kò rí ìyàtọ̀ á sì ní irọ́ pátápátá ni gbogbo rẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ibo lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀?

Koríko òkun ni sea moss. Àwọn ará Ireland ti ń ṣà á lórí àpáta etí òkun wọn láti ayé àwọn baba wọn, wọ́n sì jẹ ẹ́ gan-an nígbà ìyàn ńlá tó mú wọn ní nǹkan bí 1845 sí 1852. Ní Jàmáíkà àti àwọn erékùṣù tó yí i ká, wọ́n máa ń sè é pọ̀ mọ́ mílíìkì àti ṣúgà, ibẹ̀ ni òkìkí pé ó ń fún ọkùnrin lókun ti gbilẹ̀. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, tí gbogbo ayé ń wá ohun tó lè dáàbò bo ara, àwọn gbajúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì gbé e jáde, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tà lónìí kì í tilẹ̀ ṣe irú ti Ireland mọ́. Irú mìíràn ni, bíi Gracilaria àti Eucheuma, tí wọ́n ń gbìn sínú omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá. Ní oṣù Kẹjọ 2023, Ààrẹ Bola Tinubu dá ilé iṣẹ́ ìjọba tuntun sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ omi òkun àti ọrọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe mínísítà ibẹ̀ ni Gbóyèga Oyètọ́lá, tó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti 2018 sí 2022. Nàìjíríà ní etí òkun tó gùn tó 853 kìlómítà, Ọ̀ṣun kò sì ní ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Èkó, Ògùn àti Òǹdó ni omi òkun kàn. Nítorí náà ni àwọn ará ilé fi ń béèrè pé kí ló kan àwa nínú ọ̀rọ̀ òkun.

Ìdáhùn kan wà nínú iye ẹja tí à ń jẹ. Iye tí ìjọba máa ń dá ni pé Nàìjíríà nílò nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 3.6 ẹja lọ́dún, àti pé ohun tí a ń rí kó nínú omi tiwa kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Òkè òkun ni a ti ń ra ìyókù, nínú yìnyín. Ẹja tí àwọn àgbà wa ń pè ní òkú Èkó wà ní gbogbo ìsọ̀ ẹja Ọjà Atákúmọ̀sà, owó rẹ̀ sì ń gun òkè ní gbogbo ìgbà tí náírà bá já wálẹ̀. Bí owó dọ́là ṣe ń ṣe níbi tó jìnnà, ojú ìkòkò ọbẹ̀ ní Iléṣà ló ń hàn sí.

Òkun kò sì ṣàjèjì sí àwọn ìlú méjèèjì yìí. Igbó Olókun wà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn baba wa ti ń rọ ìlẹ̀kẹ̀ ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Gbogbo ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló sì mọ ìtàn Ajíbógun, tó lọ bu omi òkun wá láti fi tọ́jú ojú Odùduwà, tí oyè Ọwá Obòkun sì ti ara rẹ̀ wá. Ìtàn ìgboyà àti ìfẹ́ ọmọ sí baba ni. Kì í ṣe ìwé àṣẹ pé omi òkun tàbí ewé inú rẹ̀ ń wo àrùn.

Kí ni wọ́n ń pè ní oúnjẹ etí òkun tí a kò lò tó?

Koríko òkun ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń dárúkọ. FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, sọ pé ní 2022, nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 37.8 koríko òkun àti irú rẹ̀ ni wọ́n kó jáde nínú omi lágbàáyé, inú oko tí wọ́n dá sínú omi ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ti wá, pàápàá ní Ṣáínà àti Indonesia. Ní Áfíríkà, Zanzibar ló gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbìn ín láti ìparí àwọn ọdún 1980. Etí òkun tiwa yàtọ̀. Yanrìn àti ẹrẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, àpáta kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ àpáta ni koríko òkun ń dì mú kó tó lè dàgbà. Omi odò tó ń ya wọnú òkun tún ń sọ omi di rúdurùdu, oòrùn kì í sì í rí i là kọjá. Ìdí nìyí tí àwọn baba ńlá àwọn Ìlàjẹ fi mọ ẹja ní àmọ̀dunjú láìní ọbẹ̀ koríko òkun kankan. Láti òkè òkun ni èyí tí wọ́n ń rẹ sínú omi tí wọ́n ń lọ̀ sínú ìgò fún wa sábà ti ń wá, ní gbígbẹ.

Ewéko kan wà tó ń rá lórí yanrìn etí òkun ní Èkó títí dé Badagry. Ewé rẹ̀ nípọn, ó kún fún omi, ó sì níyọ̀ lẹ́nu. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Sesuvium portulacastrum. Ní àwọn apá kan ní Éṣíà, ẹ̀fọ́ ni wọ́n fi ń ṣe. Níbí, a ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ síbi ìgbafẹ́ ni. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń hù níbi tí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kò lè hù, torí iyọ̀ kì í pa á. Iyọ̀ yẹn kan náà ló sì mú kí ó jẹ́ ohun tí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ bẹ́ mọ́.

Igi nípà náà wà níbẹ̀. Ọ̀pẹ inú ẹrẹ̀ ni, láti Singapore ni wọ́n ti gbé e wá sí Calabar ní 1906, ó sì ti gbilẹ̀ débi pé ó ń lé mangrove, igi tó máa ń hù nínú ẹrẹ̀ etí omi oníyọ̀, kúrò ní àyè rẹ̀ ní Niger Delta. Àwọn ará Philippines máa ń dá a bí ẹmu, wọ́n á fi omi rẹ̀ ṣe fínígà. Ọ̀tá ni a kà á sí níhìn-ín, àwọn kan sì ń béèrè pé kí ló dé tí a kò fi máa dá a, bí a bá ti fẹ́ dín in kù.

Èyí tó yẹ kó ya ará Ifẹ̀ lẹ́nu jù ni fúrúùtù. Bẹ́ẹ̀ ni, igi fúrúùtù tó wà ní àgbàlá ilé ìwé, tó tẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ bí àkéte, tí ewé rẹ̀ ń pọ́n kó tó wọ́ sílẹ̀. Igi etí òkun ni. Etí òkun Éṣíà ni orírun rẹ̀, èso rẹ̀ sì lè léfòó lórí omi òkun fún ìgbà pípẹ́ kó tó gúnlẹ̀ kó sì hù. Àwọn ọmọdé máa ń jẹ ara èso náà, wọ́n á sọ kóró nù. Bẹ́ẹ̀ inú kóró yẹn ni ọrọ̀ wà: èso tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó dùn bí ẹ̀pà, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ òróró, purotéènì sì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Wàhálà rẹ̀ ni fífọ́. Òkúta ni wọ́n fi ń fọ́ ọ, ẹni tó bá fọ́ ọ̀pọ̀ á rí díẹ̀. Títí tí ẹnìkan yóò fi ṣe ẹ̀rọ tó lè fọ́ ọ láìba inú rẹ̀ jẹ́, ilẹ̀ ni yóò máa wà ní gbogbo ọgbà ilé ìwé láti Mọdákẹ́kẹ́ dé Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ìyókù ni ẹran àti ẹja. Ìṣáwùrú, tí àwọn ará Rivers àti Akwa Ibom kò lè fi ṣeré, kò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè nínú ọbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ọ́sítà, ẹran inú ìkarawun tó ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi mangrove, àwọn ará etí omi nìkan ló kúndùn rẹ̀. Akàn wà. Edé wà, òun nìkan ló ti di ará ilé níbi gbogbo. Ẹja wẹ́wẹ́ bíi ṣàwá àti bọ́ńgà wà, tí àwọn tó lówó ń yẹra fún nítorí eegun. Orí edé, èèpo akàn àti eegun ẹja, tí à ń dà sórí ààtàn, náà wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní oúnjẹ tí a kò lò.

Kí ló wà nínú wọn tí ara ń fẹ́?

Iléṣà ní ìtàn pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọdé. Láti 1956 sí 1961, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild. Iṣẹ́ tó ṣe ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tí wọ́n ti ń wọn àwọn ọmọ déédéé tí wọ́n sì ń fi ìlà sí ìwọ̀n wọn lórí káàdì, ló di káàdì tí àwọn ìyá ń gbé lọ sí ìdí abẹ́rẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ohun tí káàdì náà ń fi hàn ni ìgbà tí ìlà ọmọ bá dúró tàbí tó bá ń lọ sílẹ̀ kí ojú ìyá tó rí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni èyí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń já ọmọ lẹ́nu ọmú, tí ògì lásán bá di oúnjẹ rẹ̀.

Ìṣòro yìí kò tíì tán. Ìwádìí ìjọba lórí ìlera ará ìlú ní 2018 rí i pé ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà ni kò ga tó bó ṣe yẹ kí wọ́n ga, ìdá 68 àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà sí mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì tó. Ọ̀dọ̀ tiwa sàn ju òkè ọya lọ, àmọ́ sísàn ju ẹlòmíràn lọ kò túmọ̀ sí pé ó dára. Ẹ̀bà, fùfú, iyán àti ẹ̀kọ ń yó ni. Wọn kò ní púpọ̀ nínú àwọn èròjà kéékèèké tí ọmọ fi ń dàgbà.

Ibẹ̀ ni ohun etí òkun ti wúlò. Kò sí oúnjẹ tí a mọ̀ tí síǹkì pọ̀ nínú rẹ̀ tó ọ́sítà. Síǹkì yìí kan náà ni wọ́n máa ń fún ọmọ pẹ̀lú ORS, ìyẹn omi iyọ̀ àti ṣúgà, nígbà tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru. Fítámì B12, tí ewébẹ̀ àti ẹ̀wà kò ní, pọ̀ nínú ẹran ìkarawun àti ẹja. Ọ̀rá omega-3 tó ń ran ọpọlọ ọmọ lọ́wọ́ wà nínú àwọn ẹja ọlọ́ràá bíi ṣàwá. Kálísíọ̀mù wà nínú eegun wọn, ẹni tó bá ń rún eegun ṣàwá tó ti gbẹ dáadáa ń jẹ ohun tí àwọn mìíràn ń rà nínú ike oògùn.

Ayodíìnì ni ó yẹ kí a dúró lé lórí, torí òun ni gbogbo àríyànjiyàn sea moss rọ̀ mọ́. Ara kò nílò rẹ̀ púpọ̀: máíkírógíráàmù 150 lójúmọ́ fún àgbàlagbà, 250 fún aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ ọwọ́, gẹ́gẹ́ bí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ṣe là á sílẹ̀. Ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid ló ń lò ó. Bí kò bá tó, ẹṣẹ́ náà á wú, gẹ̀gẹ̀ nìyẹn. Bí aláboyún ni kò ní i tó, ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ lè má dàgbà bó ṣe yẹ. Ilẹ̀ tó jìnnà sí òkun kì í ní ayodíìnì púpọ̀, ẹ̀gẹ́ tí wọn kò rẹ dáadáa sì tún ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí ẹṣẹ́ náà rí èyí tó wà lò. Ìdí nìyẹn tí Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ ètò fífi ayodíìnì sínú iyọ̀ ní 1993. Iyọ̀ tí ìyá ń bù sínú ọbẹ̀ lónìí ní Lágeré ti ń ṣe iṣẹ́ tí ẹni tó ń ta ìgò ń sọ pé sea moss ló lè ṣe é.

Ṣé òótọ́ ni pé sea moss ní èròjà 92 nínú 102 tí ara nílò?

Rárá. Èyí ni gbólóhùn tó gbajúmọ̀ jù nínú ìpolówó náà. Àwọn èròjà inú ilẹ̀ àti òkúta tí àwọn onímọ̀ gbà pé ara èèyàn kò lè ṣe aláìní, bíi irin, síǹkì, kálísíọ̀mù àti ayodíìnì, kò ju nǹkan bí ogún lọ. Gbogbo èròjà tó wà fúnra rẹ̀ nínú ayé yìí, látorí afẹ́fẹ́ dé góòlù, kò ju nǹkan bí 94 lọ. Ohun kan tí ó bá ní 92 nínú wọn á ní òjé, mẹ́kúrì àti aséníkì nínú, májèlé sì ni àwọn wọ̀nyẹn.

Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni pé sea moss ní ayodíìnì, ó ní okùn oúnjẹ tó ń ran ìgbẹ́ lọ́wọ́, ó sì ní díẹ̀díẹ̀ àwọn èròjà mìíràn. Ohun tó ń mú kí ti Ireland àti Eucheuma yọ̀ ni carrageenan, tí àwọn iléeṣẹ́ ń fi sínú áísìkiriìmù àti ọṣẹ ìfọyín kí ó lè ki. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ wa ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́ láìmọ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì ti rẹ ẹ́ tí wọ́n lọ̀ ọ́ tán, omi ló pọ̀ jù nínú ìgò náà.

Pé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìrọ́mọbí, kò sí àyẹ̀wò lára èèyàn tó fi ìyẹn múlẹ̀.

Ṣé ó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá?

Ó lè ṣe é, ọ̀nà rẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ.

Ayodíìnì tó pọ̀ jù náà ń ba ẹṣẹ́ ọrùn jẹ́ bí èyí tí kò tó ṣe ń bà á jẹ́. Iye tó wà nínú koríko òkun kò dọ́gba: irú kan kò ní ju ìwọ̀nba lọ, òmíràn wà, pàápàá àwọn aláwọ̀ ilẹ̀ ńláńlá tí wọ́n ń pè ní kelp, tí gíráàmù kan péré nínú rẹ̀ lè ju ohun tí ara ń fẹ́ lójúmọ́ lọ fíìfíì. Ìgò tí kò kọ irú koríko tó wà nínú rẹ̀ àti iye ayodíìnì rẹ̀ sára, ẹni tó ń mu ú kò mọ ohun tó ń mu.

Ìkejì ni ìdọ̀tí omi. Àwọn ará Ìjẹ̀ṣà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wọn. A ti rí ohun tí àwọn awakùsà góòlù ṣe sí omi odò Ọ̀ṣun, bó ṣe di aláwọ̀ amọ̀ tí ẹ̀rù òjé àti mẹ́kúrì sì wọ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Omi etí òkun náà ní tirẹ̀: epo rọ̀bì tó ń dà sílẹ̀ ní Niger Delta, ìdọ̀tí iléeṣẹ́ àti ti ilé nínú ọ̀sà Èkó. Ọ́sítà kì í rìn. Ibi tó bá wà ló ti ń fa omi wọlé tó ń sẹ́ ẹ láti rí oúnjẹ, ohunkóhun tó bá sì wà nínú omi náà ló ń kó jọ sára. Sísè dáadáa á pa kòkòrò àrùn. Kò lè lé òjé jáde, kò sì lè pa àwọn májèlé kan tí ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú òkun máa ń tú sínú ìkarawun.

Ìkẹta jẹ́ nípa koríko aláwọ̀ pupa-rúsúrúsú tí òkun ń dà sórí yanrìn láti 2011, tí wọ́n ń pè ní sargassum. Àwọn èèyàn ti ń béèrè pé ṣé kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run ń fún wa yìí. Aséníkì máa ń pọ̀ nínú irú rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan tí àwọn ará Japan ń jẹ, hijiki, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kìlọ̀ láti 2004 pé kí àwọn èèyàn wọn má jẹ. Ẹni tó bá ṣà á ní Badagry tàbí Ayétòrò kò gbọdọ̀ sè é fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń wádìí bóyá ó lè di ajílẹ̀ tàbí gáàsì ìdáná, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Èyí tó kẹ́yìn, tí a máa ń gbàgbé, ni pé edé, akàn àti ìṣáwùrú wà lára oúnjẹ tí ara àwọn kan kì í gbà rárá. Ètè á wú, ara á sú, ọ̀nà ọ̀fun á há. Bí wọ́n bá ń lọ edé sínú ìyẹ̀fun ọmọdé láìkọ ọ́ sára àpò, ìyá kò ní mọ ohun tó kọlu ọmọ rẹ̀.

Kí ni àwọn tó ń jiyàn ń sọ?

Àwọn tó ń tà á ní àwọn náà ń mu ú, pé oníbàárà ń padà wá, àti pé oògùn òyìnbó ti kọjá agbára mẹ̀kúnnù. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn kì í ṣe irọ́. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní ilé ìwòsàn ń fèsì pé oúnjẹ ni, kì í ṣe ìwòsàn, àti pé ẹni tó bá fi oògùn ìtọ̀ ṣúgà sílẹ̀ nítorí ìgò kan ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu.

Àwọn tó ń kọ́ nípa ìmọ̀ oúnjẹ ní yunifásítì kì í tilẹ̀ bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ìgò. Ohun tí wọ́n ń wá ni èlò: ìyẹ̀fun ẹja wẹ́wẹ́ tí a lè pò mọ́ ògì láì jẹ́ kó rùn, òróró inú fúrúùtù, purotéènì láti inú ohun tí à ń dànù. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àpẹẹrẹ. Ilé ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì ló ṣe ògì oní-sóyà jáde, ọ̀pọ̀ ìyá sì ń pò sóyà mọ́ ògì títí dòní. Ohun tó máa ń dá iṣẹ́ yìí dúró ni pé yàrá àyẹ̀wò lè ṣe kílò méjì dáadáa, kí ó má sì sí ẹni tí yóò ṣe tọ́ọ̀nù méjì.

Àwọn kan ní gbogbo rẹ̀ kò pọn dandan: ẹ̀wà, tẹ̀tẹ̀, ìrù, ẹ̀gúsí àti ẹyin tó wa. Wọ́n jàre ní apá kan, torí owó àwọn yẹn ṣì ṣeé gbé ju ti ìgò òkè òkun lọ. Àmọ́ ẹ̀wà àti tẹ̀tẹ̀ kò ní B12, wọn kò sì ní irú omega-3 tó wà nínú ẹja.

Ohùn àwọn ẹlẹ́ja ni a kì í sábà gbọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ yìí ti lè dun ni jù. Ní Senegal, Gambia àti Mauritania, àwọn iléeṣẹ́ dé, wọ́n ń ra ṣàwá àti bọ́ńgà ní tọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù, wọ́n ń lọ̀ wọ́n di oúnjẹ ẹran ọ̀sìn tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí òkè òkun. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja kò rí i rà mọ́, ẹja mẹ̀kúnnù sì di ohun tí mẹ̀kúnnù ń wá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ fi ẹja wẹ́wẹ́ ṣe ìyẹ̀fun ní Ìgbòkòdá, ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ni yóò jẹ ìyẹ̀fun náà, àti pé kí ni yóò kù fún obìnrin tó ń gbé agbọ̀n bọ́ńgà yíyan gba Orè àti Òǹdó wá sí ọjà Ifẹ̀.

Ẹ̀sìn náà wà nínú rẹ̀. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì kan, bí àwọn ọmọ ìjọ Seventh-day Adventist, kì í jẹ ohun inú omi tí kò ní lẹbẹ àti ìpẹ́, gẹ́gẹ́ bí Léfítíkù orí 11 ṣe wí, nítorí náà edé àti ìṣáwùrú kò sí fún wọn. Ní ti Mùsùlùmí, ìlànà Màlíkì tó gbilẹ̀ jù ní ilẹ̀ Yorùbá fàyè gba ohun gbogbo tó ń gbé inú òkun. Ẹni tó bá fẹ́ fi edé sínú ògì ilé ìwé ìjọba ní láti rántí pé kì í ṣe gbogbo ilé ló ń jẹ ẹ́.

Kí ni a lè ṣe nísinsìnyí tí kò ní ewu?

Ohun tó wà nílẹ̀ pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Edé ti wà nínú ọbẹ̀ wa, àmọ́ ṣíbí kékeré kan nínú ìkòkò ẹni mẹ́fà, òórùn dídùn ló ń fi sí i, èròjà tó ń kan ẹnìkọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan. Ìyá tó bá gbẹ ṣàwá dáadáa, tó lọ̀ ọ́ kúnná teegun-teegun, tó sì ń po ṣíbí kan mọ́ ògì ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, ti fún un ní púpọ̀ nínú ohun tí à ń sọ bọ̀ yìí. Díẹ̀ ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó máa wo ara ọmọ. Kó má fi èyí tó ti ní iyọ̀ ṣe é. Ìṣáwùrú tó bá ti ibi tí omi rẹ̀ mọ́ wá, tí wọ́n sì sè jinná, oúnjẹ gidi ni fún ẹni tí ara rẹ̀ gbà á.

Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ìgò fi hàn pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé àjọ náà jẹ́rìí sí i pé ó ń wo àrùn, oúnjẹ kò sì ní àṣẹ láti polówó ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgò tí kò ní nọ́ńbà rárá, tí kò ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, tó sì ti wà nínú oòrùn lórí tábìlì, lè ti bàjẹ́ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á, torí ohun tó tutù báyìí kì í pẹ́ bàjẹ́ níbi tí iná kò dúró sójú kan.

Àwọn wo ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láì bá dókítà sọ̀rọ̀?

Ẹni tó ní àìsàn ẹṣẹ́ ọrùn, yálà gẹ̀gẹ̀ ni tàbí ẹṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ àṣejù tàbí èyí tí kì í ṣiṣẹ́ tó, pàápàá ẹni tó ń lo levothyroxine, oògùn ẹṣẹ́ ọrùn tí kì í ṣiṣẹ́ tó. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, nítorí fítámì K wà nínú koríko òkun. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu. Aláboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, nítorí ohun tó bá pọ̀ jù lára wọn máa ń dé ara ọmọ. Ọmọdé kò ní ohun kan ṣe nídìí ìgò yìí rárá.

Ẹni tó bá sì ti ń mu ú, tí ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tó ń rù láìnídìí, kí ó dá a dúró lọ́jọ́ náà. Kí ó mú ìgò náà dání lọ sí ilé ìwòsàn, yálà ti Ifẹ̀ tàbí Wesley Guild, torí irú koríko tó wà nínú rẹ̀ àti iye tó ti mu wà lára ohun tí dókítà yóò kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀.